Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ: lẹ́tà ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Kogi

Sí Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera, Ìpínlẹ̀ Kogi, Lokoja.
Ẹ̀dà rẹ̀ sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Kabba-Bunu, Ijumu, Mopamuro, Yagba East àti Yagba West.

Okun o, ẹ̀yin Ọlọ́lá. A kí yín, a sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò àti ní wọ́ọ̀dù káàkiri ilẹ̀ Okun. Ohun tó gbé wa wá ni ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn tí oògùn kò ràn mọ́, àti ẹ̀rọ tó ń yẹ jíìnì kòkòrò wò láàárín nǹkan bí wákàtí kan, tí àwọn ènìyàn wa ti ń béèrè fún. Àwa náà ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má tíì ra ìkankan fún ìwọ̀-oòrùn Kogi títí ohun mẹ́ta yóò fi wà nílẹ̀: tábìlì kan ní Kabba tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò dáadáa (kí wọ́n jẹ́ kó hù nínú àwo, kí a lè mọ orúkọ rẹ̀ àti oògùn tó ń ràn án), ẹni tí yóò máa gbé sáńpù wá lójoojúmọ́ láti Egbe, Isanlu, Mopa àti Iyara, àti àdéhùn lórí bí èsì yóò ṣe dé etí dókítà lọ́jọ́ tó bá jáde. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, eruku ni ẹ̀rọ náà yóò máa gbà.

Àwọn onímọ̀ tó ṣírò ikú káàkiri àgbáyé fún ọdún 2019 rí i pé 1.27 mílíọ̀nù ènìyàn ni kòkòrò tí oògùn kò ràn pa ní tààràtà. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti burú jù, nǹkan bí 27 nínú 100,000 ènìyàn. Àwa tí a wà níbí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún fi ìṣirò yìí yí wa lọ́kàn padà.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ báyìí. Aláìsàn tó dé wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ibà tó ga ti sábà kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ó ti lo Ampiclox fún ọjọ́ méjì, ó ti fi cipro kún un, ó sì ti dá a dúró nígbà tí ara fúyẹ́ díẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ibà àti Widal, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tífọ́ọ̀dù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní ceftriaxone. Bí ibà náà kò bá wálẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta, wọ́n á pààrọ̀ oògùn, àbá ni wọ́n sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ìwé tó sọ orúkọ kòkòrò náà fún wọn. Widal kò lè sọ ọ́. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni Widal ń wá, ohun náà sì lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà àìsàn àtijọ́, ó sì lè jẹ́ ti kòkòrò mìíràn pátápátá. Kódà bí ó bá jẹ́ tífọ́ọ̀dù lóòótọ́, Widal kò lè sọ bóyá cipro ṣì ń ràn án. A kò dá àwọn dókítà wa lẹ́bi. Ẹni tí aláìsàn rẹ̀ ń kú lọ kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán máa retí èsì tí kò ní dé.

Jíìnì, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tó wà nínú ara kòkòrò, ni kòkòrò fi ń borí oògùn. Kòkòrò Staphylococcus aureus tó ní jíìnì mecA ń fi èròjà mìíràn mọ ògiri ara rẹ̀, èyí tí cloxacillin kò rí dì mú. Kòkòrò E. coli àti Klebsiella tó ní jíìnì CTX-M ń ṣe ẹ́nsáìmù tó ń já ceftriaxone sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní KPC, NDM tàbí OXA-48 lè sọ meropenem, oògùn tí a ń fi pamọ́ de ìgbà tí àwọn yòókù bá kùnà, pàápàá di aláìlágbára. Iṣẹ́ PCR, ọ̀nà àyẹ̀wò tí àwọn ẹ̀rọ jíìnì ń lò, ni láti mú jíìnì kan ṣoṣo, kó dà á kọ lọ́nà ìlọ́po títí yóò fi pọ̀ tó kí ẹ̀rọ lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

TB, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí GeneXpert, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ jíìnì yìí, fún ikọ́ TB, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú TB, nǹkan bí 95 nínú 100 àwọn kòkòrò tí rifampicin, oògùn TB, kò ràn ló jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni àyípadà wọn wà, lẹ́tà 81 péré nínú jíìnì rpoB. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì máa ń ní kòkòrò tó pọ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ mọ́ omi ìpò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ jẹ́ kó jókòó ìṣẹ́jú 15, ẹ mi í dáadáa, ẹ fa mílílítà 2 sínú kátíríìjì (àpótí kékeré àlòlẹ́ẹ̀kan tí a ń kì bọ ẹ̀rọ), kí èsì sì jáde kí wákàtí méjì tó pé.

Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà lè má tó 10. Ẹ̀kán díẹ̀ tí ẹ̀rọ ń lò lè má ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú. Ìdí nìyí tí kátíríìjì tó ń wá mecA nínú ẹ̀jẹ̀ kò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ara aláìsàn. Inú ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ti hù nínú rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kátíríìjì Carba-R, tó ń wá jíìnì tó ń borí irú oògùn bíi meropenem, ń gba òwú tí a fi nu ihò ìdí tàbí kòkòrò tí a ti gbìn lórí àwo. Pátákó ńlá tó ń wo oríṣi kòkòrò àti jíìnì lẹ́ẹ̀kan náà, irú BioFire BCID2, láti inú ìgò tó ti hù lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí kò bá gbin kòkòrò kò ní ohun tí yóò fi bọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀.

Ohun kejì tí wọn kì í tètè sọ ni ohun tí kátíríìjì kò rí. Carba-R ń wá ìdílé jíìnì márùn-ún: KPC, NDM, VIM, IMP àti OXA-48, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Kò wá CTX-M. Bẹ́ẹ̀ ceftriaxone ni oògùn tí wọ́n ń gún jù ní wọ́ọ̀dù wa, CTX-M sì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa bẹ̀rù. Bí ẹ bá ra Carba-R nìkan, dókítà Mopa yóò gba ìwé tó sọ pé a kò rí nǹkan kan, yóò máa gún ceftriaxone lọ, kòkòrò yóò sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ̀rí jíìnì dà bí ẹni tó yẹ àpò àlejò wò tó rí àdá níbẹ̀: ó ti mọ ohun tí àlejò lè ṣe, kò tíì rí i kó ṣe é. Kòkòrò lè ní jíìnì náà kó má lò ó. Ó sì lè ṣàìní ìkankan nínú márùn-ún tí a wá kó ṣì borí oògùn, nítorí ó ti dí ẹnu ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ inú rẹ̀ tàbí nítorí ó ń tú oògùn jáde bó ṣe ń wọlé. DNA kòkòrò tó ti kú pẹ̀lú ṣì ń hàn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a kọ ọ́ sórí gbogbo ìwé èsì pé “a kò rí jíìnì márùn-ún tí a wá”, kí ẹnikẹ́ni má kọ “oògùn yóò ràn án” láéláé. Gbígbìn ló lè sọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ibi tí owó yẹ kó kọ́kọ́ dé, ìyẹn tábìlì ìgbìn ní Kabba. A yan Kabba nítorí ọ̀nà láti Egbe, Isanlu àti Mopa ń já síbẹ̀ kó tó di Lokoja, bí èsì kan bá sì rú wa lójú, ó rọrùn láti fi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí Federal Teaching Hospital ní Lokoja.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ ìgbìn jẹ́ ní agbègbè wa kò ṣòro láti mọ̀. Ágà Mueller-Hinton, oúnjẹ dídì tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀, gbọ́dọ̀ ga tó mílímítà 4 nínú àwo. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣọ́ owó tí wọ́n dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oògùn inú dísìkì, bébà róbótó kékeré tí a ń gbé lé àwo, yóò tàn káàkiri, òbìírí tí kòkòrò kò ti hù yóò fẹ̀ jù, ìwé yóò sì sọ pé oògùn ń ràn án nígbà tí kò ràn án. Bí ó bá nípọn jù, òdìkejì ni. Omi kòkòrò tí a fi ń tẹ́ àwo gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n 0.5 McFarland mu, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi náà ṣe rú tó. Ojú lásán kò tó, ẹ ra ìgò ìwọ̀n náà, kò wọ́n. Dísìkì oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú fírísà, ní ìyókùrò 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbóná bá yàrá mu kí wọ́n tó ṣí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi yóò dì sí i lára, oògùn inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ́ àwo tán, kí dísìkì dé orí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 tó kọjá, kí àwo sì wọ ínkúbétọ̀, àpótí tó ń mú un gbóná, kí ìṣẹ́jú 15 mìíràn tó kọjá, ní ìgbóná 35, fún wákàtí 16 sí 18. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi E. coli ATCC 25922, kòkòrò àfidánwò tí a ti mọ ìwọ̀n òbìírí rẹ̀, dán gbogbo rẹ̀ wò. Bí òbìírí rẹ̀ kò bá bọ́ sí ààrin ìwọ̀n tí a mọ̀ ọ́n mọ́, kí èsì kankan má jáde lọ́sẹ̀ náà títí a ó fi mọ ohun tó bàjẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a ń dà sí ágà náà ń fẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní orílẹ̀-èdè yìí ń lo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ti kọjá ọjọ́ ní báńkì ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè ní oògùn apakòkòrò àti èròjà ajàrùn tó ń dí kòkòrò lọ́wọ́ láti hù, ó sì lè kó àrùn ran òṣìṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló tọ́. Àgùntàn mẹ́ta tí a bá ń tọ́jú lẹ́bàá ilé ìwòsàn, tí oníṣègùn ẹran ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tó mọ́, yóò tó tábìlì yìí.

Bí tábìlì bá ti dúró báyìí, a lè mú èsì yá láìra ẹ̀rọ jíìnì kankan. Fún CTX-M àti irú rẹ̀, a óò fi dísìkì cefotaxime àti ceftazidime yí ti amoxicillin-clavulanate ká (clavulanate ló ń dí ẹ́nsáìmù kòkòrò náà lọ́wọ́), mílímítà 20 láàárín wọn. Bí òbìírí wọn bá nà sí ọ̀dọ̀ clavulanate, àṣírí kòkòrò náà ti tú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ìpínlẹ̀ bá sì ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀, ìlànà EUCAST, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lórí àyẹ̀wò oògùn apakòkòrò, wà tó jẹ́ kí a fa nǹkan bí máíkírólítà 125 láti inú ìgò tó ti hù tààrà sórí àwo, kí a ka òbìírí lẹ́yìn wákàtí 4, 6 àti 8. Ẹ gbà wá gbọ́, kíkà wákàtí 6 yìí yóò gba ẹ̀mí là ju ẹ̀rọ jíìnì tí kátíríìjì rẹ̀ tán lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí jíìnì wọlé, ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ GeneXpert olójú mẹ́rin (ibi mẹ́rin tí kátíríìjì ń wọ̀) lè ṣe sáńpù 12 ó kéré tán láàárín wákàtí iṣẹ́ 8. Níbi tí TB kò bá ti ń lo gbogbo ojú náà, kí ìpínlẹ̀ bá ètò TB ti orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn pé a óò máa lo èyí tó ṣófo fún Carba-R àti fún ìgò ẹ̀jẹ̀ tí Staphylococcus hù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí sáńpù TB máa ṣáájú nígbà gbogbo. Èkejì ni PCR lásán fún CTX-M, èyí tí iye rẹ̀ kéré. A óò po kòkòrò kan tàbí méjì láti orí àwo sínú máíkírólítà 200 omi mímọ́, a óò sè é ní ìgbóná 95 fún ìṣẹ́jú 10, a óò yí i nínú ẹ̀rọ ayí-sáńpù, a óò sì fa máíkírólítà 2 lára omi òkè sínú àpòpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ máíkírólítà 25. Ìyípo 30 sí 35, èsì lọ́jọ́ kan náà. Ewu rẹ̀ ni pé bílíọ̀nù ẹ̀dà jíìnì wà nínú ọpọ́n kékeré yẹn. Bí wọ́n bá ṣí i nínú yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn àyẹ̀wò, láti ọjọ́ náà lọ gbogbo aláìsàn ni yóò “ní” CTX-M. Yàrá méjì ni ó kéré tán, aṣọ òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pípẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òṣìṣẹ́ máa lọ síwájú nìkan, kó má padà sẹ́yìn. Kí ọpọ́n omi lásán wà nínú gbogbo àyẹ̀wò: bí omi bá fi jíìnì hàn, ẹ da gbogbo èsì ọjọ́ náà nù.

Nípa GeneXpert fúnra rẹ̀, ohun tó ń pa á níbí ni iná, ooru àti ọyẹ́. Ìwọ̀n ìgbóná yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 15 àti 30, kátíríìjì láàárín 2 àti 28. Nínú oṣù Kẹta ní Kabba, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò mú un dúró síbẹ̀. UPS tó ń gbé e fún ìṣẹ́jú 10 kò wúlò: bí iná bá lọ láàárín àyẹ̀wò, “No result” ni yóò kọ, kátíríìjì náà ti lọ nìyẹn. Sólà pẹ̀lú bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ, fíríìjì àti ínkúbétọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni a ń béèrè, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ mìíràn. Kí wọ́n máa fọ fílítà fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ déédéé nígbà ọyẹ́. Àṣìṣe 2008 túmọ̀ sí pé ìtẹ̀ inú kátíríìjì ga jù, sáńpù tó nípọn ló sábà ń fà á. 5006 sí 5008 jẹ́ ti àyẹ̀wò ìmọ́lẹ̀ tí kò yege, ó lè jẹ́ pé sáńpù kéré tàbí pé wọn kò pò ó dáadáa. Bí ojú kan ṣoṣo bá ń mú àṣìṣe wá lemọ́lemọ́ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, ojú náà ló ní àrùn. Owó títún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé owó láti ọjọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹ má sì fi iye kátíríìjì TB ṣírò ti ìyókù: $7.97 tí wọ́n sọ iye Ultra, kátíríìjì TB, dì fún orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní ọdún 2023 kò kan gbogbo kátíríìjì.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Ẹlẹ́rù sáńpù kan kúrò ní Egbe láàárọ̀, ó gba Isanlu àti Mopa, ó dé Kabba kó tó di ọ̀sán. Ẹlòmíràn kó ti Iyara. Kí wọ́n má fi lé dẹ́rẹ́bà gáréèjì lọ́wọ́, ẹni tí yóò dúró de èrò. Kúlà méjì ni yóò gbé. Ọ̀kan ní yìnyín, fún ìtọ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Èkejì kò ní yìnyín, fún ìgò ẹ̀jẹ̀, nítorí ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé sí fíríìjì lè pa kòkòrò tí a ń wá. Kí nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé, mílílítà 8 sí 10 fún ìgò àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, 1 sí 3 fún ọmọdé, lẹ́yìn tí ó ti fi sípíríìtì nu awọ ara tó sì jẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá gbẹ, kòkòrò awọ ara ni yóò hù. Èyí sì sábà máa ń ní mecA, wọ́n á wá máa fún aláìsàn ní vancomycin lórí ohun tí kò ṣe é.

Èsì padà: ìpè fóònù sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà láàárín wákàtí kan tí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá hù tàbí tí ọ̀kan nínú jíìnì márùn-ún Carba-R bá hàn, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé ìwòsàn aláìsàn, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Kí ilé oògùn ti ní amikacin, nitrofurantoin àti meropenem nílẹ̀. Obìnrin tó ní CTX-M nínú ìtọ̀ tí kò ní ibà sábà máa ń rí ìwòsàn lọ́wọ́ nitrofurantoin, tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan. Meropenem kò yẹ kó kàn án. Ẹni tí Carba-R bá sì mú, kí ibùsùn rẹ̀ yàtọ̀, kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a óò yẹ̀ wò. Ìkókó tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyá tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń ṣọyún, ẹni tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn ńlá mìíràn pẹ̀lú egbò, àti ẹni tí àrùn ìtọ̀ rẹ̀ padà: àwọn wọ̀nyí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Kí a kọ gbogbo èsì sínú WHONET, ètò kọ̀ǹpútà fún irú èsì báyìí, ọ̀fẹ́ ni, kí a sì máa fi ránṣẹ́ sí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní orílẹ̀-èdè wa, nítorí ètò orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti 2024 sí 2028, kò lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Yagba bí Yagba kò bá sọ ọ́. A bẹ ilé ìwòsàn ECWA ní Egbe náà pé kó bá wa dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè báyìí kò pọ̀, ẹ̀yin Ọlọ́lá. Ẹ rán ẹlẹ́ńjíníà iná kan àti onímọ̀ kòkòrò àrùn kan sí Kabba kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n wọn ẹrù iná tí yàrá náà yóò máa gbé, kí wọ́n sì kọ ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn alága márààrún fọwọ́ sí owó ẹlẹ́rù sáńpù fún oṣù mẹ́fà. A ti kọ ìlànà iṣẹ́ tábìlì, ìwé ìgba-sáńpù àti ìwé èsì sílẹ̀. A óò gbé wọn wá sí ọ́fíìsì yín ní Lokoja ní ọjọ́ tí ẹ bá pè wá.

Àwa ni,
Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ilẹ̀ Okun, ìwọ̀-oòrùn Kogi.